Bọ́ọ̀lù Mẹ́tàlá Péré: Ṣé Lóòótọ́ Ni Ayọ̀ Dòsùnmú Bàjẹ́ ní Sáà Kejì Rẹ̀?

Ẹ wo iye méjì yìí dáadáa: 37.6 àti 31.2.

Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí Ayọ̀ Dòsùnmú jù láti ẹ̀yìn ìlà alámì-mẹ́ta ní sáà 2021-22, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú NBA, 37.6% ló wọ apẹ̀rẹ̀. Ní sáà 2022-23, ó já sí 31.2%. Láàárín ọdún kan péré, ọmọ tí àwọn ará Chicago ń pariwo orúkọ rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń mi orí sí. Kí sáà kejì yẹn tó parí, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ eré, tí ẹlòmíràn sì ti gba ipò rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọmọ náà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ni? Ṣé owó àti òkìkí ló kó sí i lórí? Àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí? Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi torí pé ìbéèrè sáyẹ́ǹsì gan-an ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọn nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, tí ìdáhùn méjèèjì ò sì dọ́gba, ti dojú kọ ọ́ rí: ṣé nǹkan tí mò ń wọ̀n ló yí padà ni, àbí bí ìwọ̀n ṣe máa ń ṣe nìyẹn?

Ta ni ọmọ yìí?

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò kì í wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Wọ́n bí Ayọ̀ sí ìlú Chicago ní oṣù kìíní ọdún 2000. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí orúkọ náà ti wá fún yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Èkó rí mọ Ọba Dòsùnmú. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Illinois, ó sì gbayì níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọdún 2021, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n kọ́kọ́ mú kí Chicago Bulls tó mú un. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ipò kejìdínlógójì kì í sábà rí àyè gbá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ kúrò nínú NBA.

Point guard ni wọ́n fẹ́ kó máa ṣe nígbà míì. Iṣẹ́ point guard dà bí iṣẹ́ tí Jay-Jay Okocha máa ń ṣe láàárín pápá: òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, òun ló ń wo ibi tí àyè ṣí sílẹ̀, òun ló sì ń pín in. Lonzo Ball ló ni iṣẹ́ yẹn ní Chicago. Ayọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí adípò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2022, orúnkún Lonzo dẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀, kò sì tún gbá bọ́ọ̀lù kankan títí di sáà 2024-25. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí fún Ayọ̀ nìyẹn.

Ó sì wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó kópa nínú ìfigagbága 77 ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ 40 nínú wọn, ìpíndọ́gba ààmì rẹ̀ jẹ́ 8.8, ti ìrànwọ́ sì jẹ́ 3.3. (Ìrànwọ́ ni kí o fún ẹnìkejì ní bọ́ọ̀lù, kí onítọ̀hún sì fi jẹ ààmì.) Wọ́n mú un sínú ikọ̀ kejì àwọn ẹni tuntun tó peregedé jù lọ́dún náà. Fún ẹni ipò kejìdínlógójì, nǹkan ńlá ni.

Ọdún kejì dé. Ìfigagbága 80, ààmì 8.6, ìrànwọ́ 2.6, àmì-mẹ́ta 31.2%. Àwọn èèyàn ti ń retí pé ọmọ náà á fò sókè. Kò fò. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Chicago gba Patrick Beverley, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, Ayọ̀ sì padà sórí bẹ́ǹṣì.

Nǹkan kan wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ọdún méjì péré ni ìwé àdéhùn tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sáà tí nǹkan ò ti dán mọ́rán yẹn gan-an ni èyí tí wọ́n máa wò kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa san fún un. Àṣìrò tí èèyàn bá ṣe níbí, ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ó sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá àti iṣẹ́ ọdún méjì.

Ẹ kọ́kọ́ ka bọ́ọ̀lù náà

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún máa ń fi nǹkan pamọ́. Kò sọ fún yín pé nínú mélòó. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe tí mo bá rí irú iye báyìí ni pé mo máa ń yí i padà sí nǹkan tí mo lè kà.

Ayọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù alámì-mẹ́ta ní àjùpọ̀jù. Ó tó méjì ààbọ̀ nínú ìfigagbága kan. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún odindi sáà, ó ń lọ sí bí igba. Ká lè ṣe é wẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ ká gbà pé 200 ló jù ní sáà kọ̀ọ̀kan. Nínú 200 ti ọdún àkọ́kọ́, bí 75 ló wọlé. Nínú 200 ti ọdún kejì, bí 62 ló wọlé.

75 yọ 62: 13.

Bọ́ọ̀lù mẹ́tàlá. Gbogbo ariwo nípa bí ọmọ náà ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, mẹ́tàlá péré ló dúró lé lórí. Ìfigagbága 80 ló kópa nínú rẹ̀, nítorí náà ó jẹ́ bọ́ọ̀lù kan nínú ìfigagbága mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù kan tó yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ po tó wá jábọ́ síta dípò kó jábọ́ sínú, lẹ́ẹ̀kan láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó.

Mi ò sọ pé mẹ́tàlá ò já mọ́ nǹkan kan o. Ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé mẹ́tàlá pọ̀ ju ohun tí èèṣì lásán lè fà lọ?

Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún

Ẹ mú owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, kí ẹ dà wọ́n sílẹ̀ lórí àtẹ. Ẹ ka iye tó ṣíjú sókè. Ẹ kó wọn, kí ẹ tún dà wọ́n. Iye náà á yí padà. Ẹ tún un ṣe nígbà ogún, iye náà á máa lọ sókè, á máa lọ sílẹ̀. Owó ẹyọ náà ò yí padà, ọwọ́ yín ò yí padà, àtẹ náà ò yí padà. Síbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ dà ní ẹ̀ẹ̀kẹta lè ju ti ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ ní ìlọ́po méjì. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé owó ẹyọ náà ti di ọ̀lẹ.

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ní nǹkan tó jọ èyí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé agbábọ́ọ̀lù kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ gún ní 36% gẹ́lẹ́, tí kò sì yí padà láéláé. Mo mú 36% torí pé àárín ibẹ̀ ni ìpíndọ́gba gbogbo NBA wà láwọn ọdún yẹn. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mi bá a gbá sáà 10,000, ó ń ju bọ́ọ̀lù 200 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde rèé: nínú sáà 100, bí 95 ló bọ́ sáàárín bọ́ọ̀lù 59 sí 85. Ìyẹn ni pé ẹnì kan náà, ọwọ́ kan náà, lè ní sáà 30% lọ́dún yìí kó sì ní sáà 42% lọ́dún tó ń bọ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é.

Ẹ tún ojú wo 31.2 àti 37.6. Àwọn méjèèjì wà nínú ọgbà yẹn.

Ṣé ó wọ́pọ̀ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju 200 kó sì gba 62 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀? Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún sáà. Kò wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: tí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá tó 200 nínú líìgì kan, bí 16 nínú wọn á ní sáà tó burú tó báyìí lọ́dọọdún, kò sì ní í sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn wọn. Wọ́n á gbọ́ èébú. Wọ́n á lọ yí bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà. Àwọn kan nínú wọn á pàdánù iṣẹ́.

Kí ni ká sọ nípa ìyàtọ̀ láàárín sáà méjì? Tí ọwọ́ èèyàn ò bá yí padà rárá, ìyàtọ̀ bọ́ọ̀lù mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, á ṣẹlẹ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Nínú yàrá ìwádìí, tí mo bá gbé irú ẹ̀rí yìí lọ bá ọ̀gá mi pé mo ti ṣàwárí nǹkan, ó máa ní kí n lọ jókòó.

Òfin kan tún wà tó ń darí gbogbo èyí, ó sì le lára èèyàn láti gbà: tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí mímì iye náà dín kù sí ìdajì, bọ́ọ̀lù ìlọ́po méjì ò tó. Ìlọ́po mẹ́rin lẹ nílò. Fún ẹni tó ń ju igba lọ́dún, ìyẹn jẹ́ 800, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ní sùúrù oṣù mẹ́rin, ká má tíì wá sọ ọdún mẹ́rin.

Kí ló dé tí ọdún kejì fi máa ń já wálẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà gbọ́ pé ẹni tuntun tó bá ṣe dáadáa máa ń ṣubú ní ọdún kejì. Wọ́n sì ní àlàyé oríṣiríṣi: ó ti sanra, ó ti ń gbéra ga, àwọn alátakò ti mọ àṣírí rẹ̀. Òmíràn nínú àlàyé yìí lè jóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa fa irú ìṣubú yẹn bí àlàyé wọ̀nyí ò tiẹ̀ sí.

Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1886. Ó wọn gíga òbí 205 méjì-méjì àti ti àwọn ọmọ wọn 928 tó ti dàgbà. Ó rí i pé àwọn òbí tó ga gan-an máa ń bí ọmọ tó ga, ṣùgbọ́n ní ìpíndọ́gba, ọmọ náà kì í ga tó wọn. Àwọn òbí kúkúrú náà ń bí ọmọ kúkúrú, ṣùgbọ́n ọmọ náà máa ń ga díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ìhà méjèèjì ló ń sún mọ́ àárín.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè téńté ní ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, nǹkan méjì ló sábà gbé e débẹ̀: ohun tó ní gan-an, àti oríire ọjọ́ náà. Nígbà tí a bá tún un wọ̀n, ohun tó ní ṣì wà níbẹ̀. Oríire ò ṣèlérí pé òun á padà wá. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí Galton tó dé: bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ń dífá ọrọọrún mọ̀ pé ìwọ̀n kan ò tó.

Ẹ wá fi wé Ayọ̀. Kí ló mú ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀? Torí pé ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ dára ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ ni. Nínú gbogbo àwọn ẹni tuntun tọ́dún 2021, àwọn tí nǹkan wọn dára jù la yà sọ́tọ̀, la gbé wọn sórí ẹni. Bí a ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ yẹn gan-an ti jẹ́ kó dájú pé oríire pọ̀ nínú wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ọdún kejì bá wá sún mọ́ àárín, a ó ní wọ́n ti bàjẹ́. Àwọn tí ọdún àkọ́kọ́ wọn burú tó wá gbéra sókè díẹ̀ ní ọdún kejì, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Daniel Kahneman, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2002, sọ ìtàn kan nípa àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun òfurufú Ísírẹ́lì ní wíwa bàálù. Ọ̀gá kan sọ fún un pé ìyìn ò dáa: tí òun bá yin ọmọ tó wa bàálù dáadáa, ó máa ń bà á jẹ́ nígbà tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tí òun bá jágbe mọ́ ẹni tó wà á burúkú, ìgbà tó kàn máa ń dára. Ohun tí ọ̀gá náà rí jóòótọ́. Ìdí tó fún un ni kò jóòótọ́. Bó yìn ín, bó bú u, ẹni tó ṣe dáadáa ju bó ṣe máa ń ṣe lọ á padà sí àárín, ẹni tó ṣe burú náà á sì padà. Ẹ wo iye òbí, olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tí irú ìrírí yìí ti kọ́ pé èébú ló ń ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe lè ṣírò rẹ̀ láìṣojú àánú

Ẹnì kan lè ní, ó dáa, a ti gbọ́, oríire wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Chicago gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu. Iye wo ni kí wọ́n gbà gbọ́ nígbà náà, 37.6 tàbí 31.2?

Ní ọdún 1977, Bradley Efron àti Carl Morris fi eré baseball ṣàlàyé ọ̀nà kan. Wọ́n mú agbábọ́ọ̀lù 18 ní sáà 1970, wọ́n wo ìgbà 45 àkọ́kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé igi láti fi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n wá ní kí wọ́n sọ bí ìyókù sáà náà ṣe máa rí. Roberto Clemente ló wà lókè pátápátá: 18 nínú 45, ìyẹn 0.400. Tí ẹ bá gba iye yẹn bó ṣe wà, ẹ ó sọ pé 0.400 ló máa ní títí dé òpin. 0.346 ló ní nínú ìyókù sáà. Ohun tí Efron àti Morris ṣe ni pé wọ́n fa iye oníkálukú sún mọ́ ìpíndọ́gba gbogbo wọn, àtẹni tó wà lókè àtẹni tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo gbogbo àwọn 18 pa pọ̀, àṣìṣe ọ̀nà yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àṣìṣe ẹni tó gba iye ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe irú rẹ̀ fún Ayọ̀. Kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan nínú NBA, kí la mọ̀ nípa rẹ̀? Pé agbábọ́ọ̀lù NBA ni, nítorí náà kò ní í jìnnà sí 36%. Ẹ jẹ́ ká fún ìmọ̀ yẹn ní ìwúwo bọ́ọ̀lù 250. (Èmi ni mo yan 250, tẹ́ ẹ bá yan 200 tàbí 300, ìtàn náà ò ní í yí padà púpọ̀.) 36% nínú 250 jẹ́ 90.

Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́: 75 pẹ̀lú 90 jẹ́ 165, nínú 450. Ìyẹn 36.7%.

Lẹ́yìn ọdún kejì: 137 pẹ̀lú 90 jẹ́ 227, nínú 650. Ìyẹn 34.9%.

Ẹ rí i bí? Ẹni tó ń wo ìwé ìròyìn rí ọmọ tó já láti 37.6 sí 31.2. Ẹni tó ṣe ìṣirò yìí rí ọmọ tó já láti bíi 37 sí bíi 35. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kí wọ́n lé e. Ẹnìkejì á ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n sì máa wò ó lọ. Ẹnìkejì ò sọ pé sáà náà dára o. Ó gbà pé ìgbàgbọ́ òun nínú ọmọ náà ti dín kù. Ó kàn jẹ́ kí ó dín kù ní ìwọ̀n tí ẹ̀rí gbé.

Ohun tí kì í ṣe oríire

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo nǹkan ni èèṣì. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ lèmi náà. Nǹkan kan wà nínú sáà yẹn tí kò rọrùn láti dà sí oríire lọ́rùn: ìrànwọ́.

3.3 nínú ìfigagbága 77 jẹ́ bí 254. 2.6 nínú ìfigagbága 80 jẹ́ bí 208. Ìṣẹ́jú tó fi gbá bọ́ọ̀lù dín díẹ̀ ní ìfigagbága kọ̀ọ̀kan, láti 27.4 sí 26.2, ṣùgbọ́n ìfigagbága rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí náà àpapọ̀ ìṣẹ́jú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìrànwọ́ tó lé ní ogójì ti sọnù. Tí a bá ṣe irú ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, irú ìyàtọ̀ yìí ò lè wá láti inú èèṣì lásán ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sí ẹni tó lè fi búra, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ti àmì-mẹ́ta lọ dáadáa.

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: iye tó kọ́kọ́ wọ ojú èèyàn ni ẹ̀rí tó fẹ́lẹ́ jù, èyí tí èèyàn ń fò kọjá ló wúwo.

Ṣùgbọ́n pé nǹkan kan kì í ṣe èèṣì ò tíì sọ fún wa pé ẹ̀bi ta ni. Ìrànwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Kó tó wáyé, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tí o jù ú sí sì gbọ́dọ̀ ju ú wọlé. Ní Chicago nígbà náà, DeMar DeRozan àti Zach LaVine wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń wà. Ẹni tó bá ń bá irú wọn gbá, igun pápá ló máa ń dúró sí, tó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Tí ìrànwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dín kù, ó lè jẹ́ ojú rẹ̀ ni kò ríran, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò fún un ní iṣẹ́ náà ṣe. Ní sáà 2024-25, lẹ́yìn tí DeRozan ti kúrò, tí LaVine náà sì kúrò láàárín sáà, ìpíndọ́gba ìrànwọ́ Ayọ̀ gòkè dé 4.5. Ó jọ pé ojú náà ń ríran tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká bú akọ́nimọ̀ọ́gbá Billy Donovan. Chicago ti borí ní 26, wọ́n ti pàdánù 33, nígbà tí wọ́n dé ìsinmi oṣù kejì. Lẹ́yìn náà ni Beverley dé, wọ́n sì borí ní 14, wọ́n pàdánù 9. Ṣé Beverley ló fà á? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìbéèrè tí mo máa bi yín báyìí: nínú ìfigagbága mélòó? Nínú 23. Ẹgbẹ́ tí kò yí padà rárá, tó ń borí bó ṣe ń borí tẹ́lẹ̀, á borí ní bíi 10 nínú 23, ó sì lè rí 12 tàbí 13 láìṣe wàhálà. 14 ga díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n kò pariwo.

Kí ló wá gbẹ̀yìn rẹ̀?

Ní ìgbà ooru ọdún 2023, Chicago fún Ayọ̀ ní àdéhùn tuntun: ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 21 dọ́là. Wọn ò lé e. Ní sáà 2023-24, ìpíndọ́gba ààmì rẹ̀ di 12.2. Ìdá àmì-mẹ́ta rẹ̀ di 40.3%.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn aládùn á fẹ́ kí n parí rẹ̀ síbí: wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́, ó padà wá bí kìnnìún. Mo mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó ń pẹ́ níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi wọn ìṣubú rẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ fi wọn ìdìde rẹ̀. Ní sáà 2024-25, kí ejìká tó dá a dúró, ìdá náà tún já sí 32.8%.

Ẹ tò wọ́n sílẹ̀: 37.6, 31.2, 40.3, 32.8. Sókè, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀. Ẹ fojú díwọ̀n àárín wọn, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí 36, ibi tí gbogbo líìgì wà. Àlàyé mẹ́rin la lè fún ọdún mẹ́rin yìí: ó yọjú, ó gbéra ga, ó ronú pìwà dà, ó tún bàjẹ́. Tàbí ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún níwọ̀nba, tí owó ẹyọ rẹ̀ ń ṣí tó sì ń dé.

Ohun tó gòkè ní tòótọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́: ìṣẹ́jú tó pọ̀ sí i, ààmì tó pọ̀ sí i, ìrànwọ́ tó pọ̀ sí i. Ọmọ ọdún 23 ló jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a padà sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ò tíì dé góńgó wọn ní ọjọ́ orí yẹn.

Kí ló kan èmi àti ẹ̀yin?

Àwọn àgbà sọ pé ọjọ́ kan là á bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo ni ara ń ta ni. Òtítọ́ ni nípa bí ayé ṣe ń ṣe sí èèyàn. Kì í ṣe òtítọ́ nípa bí èèyàn ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló wà ní ọjọ́ orí Ayọ̀. Ẹlòmíràn nínú yín ti ní sẹ́mẹ́sítà kan tó burú, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ pè é nílé. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ òwò, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin, oṣù kẹrin gbẹ, ó ti fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹlòmíràn gbin irúgbìn tuntun lẹ́ẹ̀kan, kò so dáadáa, ó ti búra pé òun ò ní í gbìn ín mọ́. Nínú yàrá ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òfin wà pé a kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan ká gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kéré tán. A ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi inú ìgò. Èèyàn ò yẹ kó rí ìdájọ́ tó kéré sí ti omi gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó dájọ́ lórí ẹnikẹ́ni, títí kan ara yín, ẹ bi ìbéèrè mẹ́ta. Nínú mélòó? Ìyẹn ni kí ẹ yí ìdá ọgọ́rùn-ún padà sí nǹkan tó ṣeé kà, bóyá mẹ́tàlá péré ló máa jáde. Ibo ni àárín wà? Ìyẹn ni kí ẹ wo bí àwọn tó wà ní irú ipò yẹn ṣe máa ń ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń padà sí. Kí ló yí padà ní àyíká rẹ̀? Bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni bọ́ọ̀lù wà.

Tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì tọ́ka sí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ṣe ohun tó yẹ. Tí kò bá tọ́ka sí i, ẹ jẹ́ kó tún bọ́ọ̀lù jù.